Ernestina: Ọkọ̀ Onígbòkun Tí Cape Verde Tún Ṣe, Tó Sì Fi Ta Amẹ́ríkà Lọ́rẹ

Bí ènìyàn bá dárúkọ ọkọ̀ onígi tó ń ti Áfíríkà lọ sí Amẹ́ríkà ní Ilé-Ifẹ̀, tàbí níbikíbi nílẹ̀ Yorùbá, òwò ẹrú ni ọkàn ọ̀pọ̀ olùgbọ́ yóò sá lọ bá. Wọn kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kan wà tí ìtàn tirẹ̀ yàtọ̀: ọmọ Áfíríkà ló ni ín, àwọn tó sì wọ̀ ọ́ sọdá òkun fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn wọ inú rẹ̀ ni. Ernestina ni orúkọ rẹ̀.

Kì í ṣe orúkọ àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyí. Ọdún 1894 ni wọ́n kàn án ní ìlú Essex, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, tí wọ́n sì fi orúkọ ọmọbìnrin ọ̀gákọ̀ rẹ̀ pè é ní Effie M. Morrissey. Irú èyí tí wọ́n ń pè ní schooner ni: òpó méjì, pẹ̀lú ìgbòkun tí wọ́n ta ní òòró ọkọ̀ dípò ìbú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí atukọ̀ díẹ̀ fi lè darí rẹ̀. Iṣẹ́ ẹja pípa ló kọ́kọ́ ṣe. Lẹ́yìn náà ni Bob Bartlett, ọ̀gákọ̀ kan láti Newfoundland, fi í rìn lọ sínú òkun yìnyín ìhà àríwá ayé fún nǹkan bí ogún ọdún. Bartlett kú ní 1946. Kò pẹ́ sígbà náà tí iná jó ọkọ̀ náà, tó sì rì.

Wọ́n gbé e jáde. Ní 1948, Henrique Mendes, ọ̀gákọ̀ kan tí í ṣe ọmọ Cape Verde, rà á, ó sì fi orúkọ ọmọbìnrin tirẹ̀ náà sọ ọ́. Ọmọbìnrin méjì ni ọkọ̀ kan ṣoṣo ti jẹ́ orúkọ wọn.

Àsìkò tí ilé ń jó ni Mendes ra ọkọ̀ yìí. Erékùṣù inú òkun Àtìláńtíìkì ni Cape Verde, lábẹ́ àkóso ìjọba Potogí nígbà náà, òjò kì í sì í pọ̀ níbẹ̀. Ọ̀dá àti ìyàn tó jà lẹ́yìn ọdún 1940 pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Àwọn tó ti rí ọ̀nà dé Amẹ́ríkà ló ń ran àwọn ará ilé lọ́wọ́, Ernestina ló sì ń bá wọn ru ẹrù náà: aṣọ, oúnjẹ, ohun èlò ilé. Bó bá ń padà bọ̀, a kó àwọn èrò tó ń wá iṣẹ́ lọ sí Providence. Ìdílé tó ń retí àgbá ẹrù láti òkè òkun kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí ohun tí ọkọ̀ yìí jẹ́. Ó ń ṣe iṣẹ́ náà títí di 1965, nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú ti ń gbajúmọ̀.

Cape Verde gba òmìnira ní 1975. Lọ́dún kejì, wọ́n fẹ́ kí Ernestina tún lọ sí Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ìjì dá òpó rẹ̀, ó sì padà sílé. Orílẹ̀-èdè tuntun tí owó kò pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ yìí tún ọkọ̀ náà ṣe, ó sì fi ta àwọn ará Amẹ́ríkà lọ́rẹ ní 1982. Ẹni tí wọ́n ń ràn lọ́wọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ló wá di olùtọrẹ.

Ṣùgbọ́n igi kì í ṣe bàbà. Àwọn orí bàbà tí wọ́n hú jáde ní agbolé Wúnmọníjẹ̀, ní Ilé-Ifẹ̀, ní 1938, ti pẹ́ nínú ilẹ̀ láìjẹrà. Òjò àti oòrùn kì í fi pákó ọkọ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Láti 2015 títí di 2022, àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ní Boothbay Harbor, ní ìpínlẹ̀ Maine, pààrọ̀ èyí tó pọ̀ jù nínú pákó àti egungun ọkọ̀ náà. Àwọn kan lè bèèrè bóyá ọkọ̀ àtijọ́ náà ló ṣì jẹ́. Agbolé tí wọ́n wó ògiri amọ̀ rẹ̀, tí wọ́n sì fi búlọ́ọ̀kù tún kọ́, kò pàdánù orúkọ rẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Ọ̀rọ̀ Ernestina kò yàtọ̀ síyẹn.

Orúkọ méjèèjì ló ń jẹ́ pọ̀ báyìí, Ernestina-Morrissey. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn atukọ̀ ní Massachusetts ni wọ́n fà á lé lọ́wọ́, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè máa fi kọ́ bí a ṣe ń ta ìgbòkun.