Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Gọ́tà tó sán ń kó ọ̀rinrin bá ògiri

Ṣé ọ̀dà ìsàlẹ̀ ògiri yín ń ṣí? Kí ẹ tó ra òmíràn, ẹ wo gọ́tà tó yí ilé ká. Omi òjò ń gba ojú ibi tó sán wọlẹ̀, ó ń rin ìpìlẹ̀, búlọ́ọ̀kù á sì máa fà á gòkè.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló dáa jù láti tún un ṣe:

1. Ẹ kó ìdọ̀tí inú gọ́tà, kí ẹ fọ̀ ọ́.
2. Ẹ fi irin àti òòlù gbẹ́ ojú ibi tó sán kó fẹ̀ díẹ̀. Ẹ gbá eruku rẹ̀, kí ẹ wọ́n omi sí i.
3. Ẹ po sìmẹ́ǹtì ìwọ̀n 1 mọ́ iyanrìn ìwọ̀n 3, kí ẹ fi dí i dáadáa.
4. Ẹ máa wọ́n omi sí i fún ọjọ́ 7, kó lè le.
5. Ẹ da omi sí gọ́tà. Bí omi bá dúró lójú kan, kò dagẹ̀rẹ̀ tó.

Bó bá tún sán níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ti rì. Ẹ pe bírìkìlà kó fọ́ apá ibẹ̀, kó gún ilẹ̀ náà kó le, kó tó tún un dà.

Ẹ má jẹ́ kí òjò àkọ́rọ̀ bá a bẹ́ẹ̀ o.