Ẹ Wo Ìdí Ọ̀rọ̀ Dókítà

Bí òwe bí òwe là ń lu ìlù àgídìgbo. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni èdè àwọn dókítà rí. Àwa ọmọ Yorùbá tí a dàgbà sí Òkè Ọya la sì máa ń ṣe ògbufọ̀ fún àwọn ìyá wa ní ọsibítù. Ó yẹ kí a mọ ohun tí à ń túmọ̀.

Nínú èdè wa, iwájú ọ̀rọ̀ ni àfòmọ́ sábà máa ń wà: dẹ di ọdẹ, jà di ìjà. Àwọn Gíríìkì a máa fi tiwọn sẹ́yìn bí ìrù, ọ̀dọ̀ wọn sì ni ìrù ọ̀pọ̀ orúkọ àìsàn ti wá.

Ẹ jẹ́ kí a mú oríkèé, èyí tí Gíríìkì ń pè ní arthron. Bí -algia bá tẹ̀ lé e, tó di arthralgia, ìrora ni wọ́n ń wí. Bí ó bá jẹ́ -itis, tó di arthritis, oríkèé náà ń wú, ó lè gbóná, ó sì ń roni. Hepar ni ẹ̀dọ̀. Nítorí náà, ẹ̀dọ̀ ni hepatitis ń bá jà. Ẹlòmíràn wà tí ojú rẹ̀ kò pọ́n rárá, síbẹ̀ tí àìsàn náà wà lára rẹ̀.

Ibi iṣẹ́ abẹ ni ọ̀rọ̀ ti gba ìṣọ́ra. -tomy ni kí a la nǹkan. -Ectomy ni kí a gé e kúrò. -Stomy ni kí a dá ẹnu sí i, nítorí stoma ni ẹnu. Obìnrin tó ní kókó nínú ilé-ọmọ, tí wọ́n ń pè ní fáíbúrọ́ọ̀dù, lè gbọ́ myomectomy tàbí hysterectomy. Ìrù kan náà ni wọ́n ní, ṣùgbọ́n orí wọn yàtọ̀. Myoma ni kókó náà: òun nìkan ni wọn yóò gé, ilé-ọmọ yóò wà níbẹ̀. Hystera ni ilé-ọmọ fúnra rẹ̀: bí wọ́n bá yọ ọ́, oyún níní ti dópin nìyẹn.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, kí ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n yín tó tọwọ́ bọ ìwé, ẹ bá wọn béèrè: "Dókítà, kí ni ẹ fẹ́ gé, kí ni yóò sì kù?" Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.