Ọdún Jùbélì Àti Gbèsè Àwọn Orílẹ̀-Èdè Tálákà

Bí a bá dárúkọ ẹgbẹ́ aláàánú, ohun tí ó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa ni àpò ìrẹsì, aṣọ tí ẹlòmíràn ti wọ̀ rí, kànga tí a gbẹ́ sí abúlé, àti oògùn tí a pín fún aláìsàn láìgba owó. Nǹkan wọ̀nyí dára, ẹni tí ebi ń pa kò sì lè dúró de ọ̀rọ̀ gígùn. Ṣùgbọ́n nínú àsọyé yìí a fẹ́ fi hàn pé iṣẹ́ tí ó tóbi jùlọ tí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ti ṣe fún ọrọ̀ ajé àwọn orílẹ̀-èdè tálákà kì í ṣe èyí tí wọ́n fi owó ara wọn ṣe, bí kò ṣe èyí tí wọ́n fi ohùn wọn ṣe. Owó ẹgbẹ́ kò lè tó owó ìjọba láéláé. Ohùn àwọn ènìyàn tí kò wá èrè kankan fún ara wọn, ẹ̀wẹ̀, a máa wọ ibi tí owó kò lè wọ̀. Àpẹẹrẹ tí a ó mú ni ìpolongo tí a pè ní Jubilee 2000.

Kí ọ̀rọ̀ gbèsè yìí lè yé wa yékéyéké, ẹ jẹ́ kí a rántí ìwọ̀fà ní ayé àwọn bàbá wa. Ẹni tí ó bá yá owó a fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe lóko olówó kò dín owó náà kù rárá, nítorí pé iṣẹ́ náà ni èlé. Bí ó ṣe é fún ogún ọdún, owó tí a yá ṣì wà níbẹ̀ bí ó ti wà ní ọjọ́ kìíní. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí fún ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà ní nǹkan bí ogún ọdún tí ó kẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó kọjá: wọ́n ń san lọ́dọọdún, gbèsè náà sì ń ga sí i.

Báwo ni wọ́n ṣe wọ inú rẹ̀? Ní 1973 iye tí a ń ta epo rọ̀bì gòkè lójijì. Àwọn orílẹ̀-èdè elépo kó owó tí wọ́n rí lọ sí ilé ìfowópamọ́ ní ìlú òyìnbó, àwọn ilé ìfowópamọ́ náà sì ń wá ẹni tí wọn ó yá a. Èlé kéré nígbà náà, àwọn ìjọba sì yá a tayọ̀tayọ̀: àwọn kan fi ṣe ọ̀nà àti ilé-ìwé, àwọn kan fi ra ohun ìjà, òmíràn sì gba ọ̀nà àpò aláṣẹ lọ. Láti 1979 ni èlé bẹ̀rẹ̀ sí gòkè gidigidi ní Amẹ́ríkà, nítorí pé èlé púpọ̀ nínú owó wọ̀nyí kò dúró lójú kan, ẹrù tí a gbé ní fúfúyẹ́ di ẹrù tí ń tẹ ọrùn. Ní àkókò kan náà owó kòkó, kọfí àti bàbà ń lọ sílẹ̀ lọ́jà àgbáyé. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1982 ilẹ̀ Mexico kéde pé òun kò lè san mọ́, àwọn mìíràn sì tẹ̀lé e.

Ní ayé àtijọ́ olówó tí sùúrù rẹ̀ bá tán a rán ológò lọ dógò ti onígbèsè nínú ilé rẹ̀. A máa jẹ, a máa mu lórí onílé títí owó yóò fi jáde. Ológò àwọn orílẹ̀-èdè ni Àjọ Owó Àgbáyé àti Báńkì Àgbáyé, tí a pète láti inú ìpàdé Bretton Woods ní 1944. Àfiwé yìí le díẹ̀, nítorí pé àwọn wọ̀nyí a tún máa yá onígbèsè ní owó mìíràn kí ó má bàa ṣubú pátápátá. Síbẹ̀síbẹ̀ wọ́n a fi àṣẹ lé e: kí ìjọba dín ìnáwó kù, kí owó ìlú náà rẹ̀ sílẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi ni ọmọ tálákà ti ń san owó kí ó tó jókòó ní kíláàsì, tí aláìsàn sì ń san owó kí nọ́ọ̀sì tó wò ó. Àwọn àgbà láàárín wa tí wọ́n rántí SAP ní Nàìjíríà láti 1986 kò nílò àlàyé púpọ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni Martin Dent, olùkọ́ ní Yunifásítì Keele, tí ó ti fi ìgbà kan rí ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba ní ìhà Àríwá Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ sí ronú sí orí kẹẹ̀dọ́gbọ̀n ìwé Lefitiku. Níbẹ̀ ni a ti pàṣẹ ọdún jùbélì, àádọ́ta ọdún sí àádọ́ta ọdún, nígbà tí ilẹ̀ yóò padà sọ́dọ̀ ẹni tí ó ni ín, tí ẹni tí ó ta ara rẹ̀ nítorí òṣì yóò sì padà sí ilé bàbá rẹ̀. Òun àti Bill Peters, ẹni tí ó ti ṣe aṣojú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní òkèèrè, dábàá pé kí a fi ọdún 2000 ṣe jùbélì fún àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lè san gbèsè wọn. Àwọn ìjọ àti àwọn ẹgbẹ́ bíi Christian Aid, CAFOD àti Tearfund gbà á mọ́ra.

Ẹ kíyèsí bí wọ́n ṣe ṣe é. Wọn kò kọ́kọ́ gbé igbá owó kiri láti fi san gbèsè náà. Bí gbogbo ìjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá tilẹ̀ ta àga àti dùùrù wọn, kò lè tó. Wọ́n kọ́ àwọn ọmọ ìjọ ní bí èlé ti ń pọ̀, àwọn obìnrin àgbà tí kò ka ìwé ọrọ̀ ajé rí sì ń kọ lẹ́tà sí aṣòfin wọn pẹ̀lú iye owó àti ọjọ́. Ní ọjọ́ 16 oṣù karùn-ún 1998, nígbà tí àwọn olórí orílẹ̀-èdè alágbára 8 pàdé ní Birmingham, bíi 70,000 ènìyàn di ara wọn lọ́wọ́ mú yí àárín ìlú náà ká. Ní ọdún kejì, ní Cologne ní Jámánì, àwọn olórí náà ṣe ìlérí láti dín gbèsè kù títí dé nǹkan bí bílíọ̀nù 100 dọ́là. Nígbà tí ìpolongo náà parí, ènìyàn tí ó ju mílíọ̀nù 20 lọ ti fi ọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Ètò ìdáríjì tí a ti gbé kalẹ̀ ní 1996, tí ó ń rìn bí ìgbín, yára. Láti ìgbà náà orílẹ̀-èdè tí ó ju 30 lọ ti jẹ àǹfààní rẹ̀, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn sì wà ní Áfíríkà.

Àwọn kan bèèrè pé, bí a bá dárí gbèsè ji aláṣẹ tí ó ná owó ní ìnákúnàá, kí ni yóò dá a lẹ́kun? Ìbéèrè yìí tọ́, àwọn tí ó fi í ṣẹ̀sín kò ṣe dáadáa. Ìdáhùn tí ó dára jù tí a mọ̀ wá láti Uganda. Ìjọba ibẹ̀ mú owó ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kúrò ní 1997, àwọn ọmọ tí ó tó bíi mílíọ̀nù 3 sì di ju mílíọ̀nù 5 lọ láàárín ọdún kan. Kò sí kíláàsì tí ó lè gbà wọ́n. Ní 1998 Uganda ni ó kọ́kọ́ rí ìdáríjì gbà lábẹ́ ètò náà. Wọ́n ya owó tí wọn kò san fún olówó mọ́ sọ́tọ̀ fún ilé-ìwé, omi, ìlera àti ọ̀nà oko. Ẹgbẹ́ kan tí a dá sílẹ̀ ní 1996, Uganda Debt Network, sì kọ́ àwọn ará abúlé láti máa ṣọ́ owó náà: ǹjẹ́ páànù ti dé orí ilé-ìwé tí a kọ sínú ìwé? Ǹjẹ́ oògùn wà nínú àpótí? Iṣẹ́ yìí kò ní ariwo, kò sì sí àwòrán rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, ṣùgbọ́n lójú tiwa ó ju ti Birmingham lọ.

Ìtàn Zambia ni ó kọ́ wa pé ìdáríjì kò parí lọ́jọ́ tí a kéde rẹ̀. Ní 1979 ilẹ̀ Romania yá Zambia ní bíi mílíọ̀nù 15 dọ́là láti fi ra katakata àti ẹ̀rọ oko mìíràn. Zambia kò rí i san tán. Ní 1999, nígbà tí Romania ti fẹ́ gba díẹ̀ kí ó sì fi ìyókù sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Donegal International ra gbèsè náà ní iye tí ó lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 3 dọ́là. Lẹ́yìn náà ó pe Zambia lẹ́jọ́ ní London, ó ní kí wọ́n san mílíọ̀nù 55. Ẹ rántí pé láàárín ìgbà yìí ni àwọn olówó mìíràn dárí gbèsè ji Zambia, gbèsè tí ó lé ní bílíọ̀nù 7 sì di ohun tí kò tó bílíọ̀nù kan. Ní oṣù kẹrin 2006 Zambia mú owó tí àwọn aláìsàn ń san ní ilé ìwòsàn ìgbèríko kúrò. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ilé ẹjọ́ London ní kí wọ́n san nǹkan bíi mílíọ̀nù 15 fún Donegal. Owó tí ẹni kan dárí jì, ẹlòmíràn ni ó fẹ́ fi kún àpò. Igún ni àwọn olùpolongo fi ń pe irú olówó bẹ́ẹ̀. A rò pé wọ́n ṣẹ ẹyẹ náà, nítorí pé igún a máa dúró kí ẹran kú.

Àwọn ẹgbẹ́ jùbélì kò dákẹ́. Wọ́n rí i pé òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni idà tí a fi ṣá Zambia, wọ́n sì lọ bá àwọn aṣòfin. Ní 2010 Ilé Aṣòfin London ṣe òfin pé, lórí gbèsè àtijọ́ ti àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú ètò ìdáríjì náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lo ilé ẹjọ́ Gẹ̀ẹ́sì láti gbà ju ìwọ̀n tí ètò náà fi sílẹ̀ lọ. Ní 2011 wọ́n sọ ọ́ di òfin títí lọ.

Nàìjíríà kò sí nínú ètò yìí. Nínú gbèsè bíi bílíọ̀nù 30 dọ́là tí a jẹ Ẹgbẹ́ Paris, àdéhùn oṣù kẹwàá 2005 dárí 18 jì wá, a sì san bílíọ̀nù 12 lé díẹ̀ kí ó tó tán ní oṣù kẹrin 2006. Ìjọba Ọbásanjọ́ àti Ngozi Okonjo-Iweala ni ó ṣe ìdúnàádúrà, iṣẹ́ ńlá sì ni. Ṣùgbọ́n a kò gbàgbé pé àwọn ọmọ ìjọ ní ìlú jíjìnnà ni ó ti la ọ̀nà náà ṣáájú.

Zambia tún kùnà láti san gbèsè rẹ̀ ní oṣù kọkànlá 2020, Ghana sì dá sísan gbèsè òkèèrè dúró ní oṣù kejìlá 2022. Olówó ti yàtọ̀ báyìí: Ṣáínà wà lára wọn, àti àwọn tí ó ra ìwé ẹ̀yáwó lọ́jà, tí ẹnikẹ́ni kò mọ ojú wọn. Òfin ti 2010 kò dé orí gbèsè tuntun wọ̀nyí, bẹ́ẹ̀ ni òfin London tàbí ti New York ni a fi kọ púpọ̀ nínú wọn. Ní 2023 a gbé àbá òfin kan wá sí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ New York lórí ọ̀rọ̀ yìí, àwọn ẹgbẹ́ ìjọ sì wà lára àwọn tí ó bẹ̀ wọ́n. Ìjókòó ọdún náà parí láìfọwọ́ sí i. Ní 2025, tí í ṣe ọdún jùbélì fún Ìjọ Àgùdà, wọ́n tún ń gba ìfọwọ́sí àwọn ọmọ ìjọ kiri.