Òṣùpá Tó Há Sínú Téèpù

Ṣé ẹ mọ bó ṣe máa ń rí tẹ́ ẹ bá ń dáńlóòdù fídíò, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wá ń fà bí ìgbín? Lọ́sẹ̀ tó kọjá, gbogbo òru ni mo fi jókòó ti fáìlì kan kó tó wọlé tán. Ibẹ̀ ni mo ti rántí Galileo.

Galileo ni ọkọ̀ tí NASA rán lọ sí Júpítà, kò sẹ́ni nínú rẹ̀. Lọ́nà, ó gba ibi tí àìmọye òkúta ńláńlá tí wọ́n ń pè ní asteroid ti ń yí oòrùn po. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ ọdún 1993, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kan tó ń jẹ́ Ida. Ida gùn tó 60 kìlómítà, ó rí págunpàgun bí ọ̀dùnkún.

Àmọ́ wàhálà ti wà nílẹ̀. Láti 1991 ni eríà ńlá tó yẹ kó ṣí bí agboòrùn ti kọ̀, tí kò ṣí tán. Eríà kékeré ló kù, bíìtì 40 péré ló sì ń fi ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìyẹn ò ju lẹ́tà márùn-ún lọ! Torí náà, orí téèpù inú ọkọ̀ ni wọ́n tọ́jú àwọn àwòrán náà sí. Díẹ̀ dé lọ́dún yẹn, ìyókù ń dúró.

Kí wọ́n má baà fi àkókò ṣòfò sórí òkùnkùn lásán, ìlà tín-ín-rín ni wọ́n kọ́kọ́ ń bù nínú àwòrán kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń yọjú wo ìta láàárín irin ojú fèrèsé. Inú irú ìlà bẹ́ẹ̀ ni Ann Harch, ọ̀kan lára òṣìṣẹ́ Galileo, ti rí nǹkan bíńtín lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ida ní ọjọ́ 17 oṣù kejì ọdún 1994. Òṣùpá ni! Nǹkan bí oṣù mẹ́fà ló ti ń sùn nínú téèpù. Tó bá bọ́ sáàárín àlàfo ńkọ́?

Dactyl ni wọ́n sọ ọ́. Ìbú rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ju kìlómítà kan àbọ̀ lọ, síbẹ̀ ó ṣe iṣẹ́ ńlá. Bí òṣùpá ṣe ń sáré yí nǹkan po, àti bó ṣe jìnnà sí i tó, ló ń sọ bí nǹkan náà ṣe wúwo tó. Tí omi tó kún agolo kan bá wọn kílò 1, irin tó kún un á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò 8. Ti Ida? Láàárín kílò 2 sí 3. Òkúta ni, kì í ṣe òkìtì irin. Àwọn onímọ̀ ti ń jiyàn tipẹ́ lórí iye irin tó wà nínú irú asteroid bẹ́ẹ̀.

Kó tó di Dactyl, àwọn kan ń fura pé asteroid lè ní òṣùpá, kò sẹ́ni tó ní ẹ̀rí. Ní báyìí, àwọn asteroid tí wọ́n mọ̀ pé ó ní òṣùpá ti lé ní 400.

Ẹ tẹ “Ida Dactyl” sórí fóònù yín, kẹ́ ẹ wo apá ọ̀tún àwòrán tó bá jáde. Ẹ máa rí àmì funfun kékeré kan. Èmi rò pé ìdọ̀tí ló wà lójú fóònù mi, mo tiẹ̀ fi aṣọ nù ún.