Kámẹ́rà tó ń rí ooru ara nínú òkùnkùn: Ohun tó sọ ọ́ di ọ̀wọ́n, àti ọgbọ́n tó lè mú owó ẹ̀ wálẹ̀

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ 29, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2024, kì í ṣe ohun tí Emùré-Èkìtì lè tètè gbàgbé. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà làwọn ajínigbé dá bọ́ọ̀sì ilé-ìwé Apostolic Faith lọ́nà, tí wọ́n kó àwọn ọmọ àtàwọn tíṣà wọn wọgbó lọ. Ọjọ́ 4, oṣù kejì, ni wọ́n tó gba òmìnira, ṣùgbọ́n dẹ́rẹ́bà wọn kò bá wọn dé. Wọ́n ti pa á.

Tọ́ọ̀ṣì kò wúlò nínú irú igbó bẹ́ẹ̀ lóru, ẹni tó bá tàn án ló ń fi ara ẹ̀ han ọ̀tá. Kámẹ́rà tó ń rí ooru ni nǹkan. Kò nílò iná rárá, nítorí gbogbo ohun tó bá lóoru ló ń tan ìmọ́lẹ̀ kan tí ojú lásán kò lè rí. Bí wọ́n bá so ó mọ́ drone, ẹni tó wà nínú òkùnkùn á hàn kedere.

Owó ni wàhálà ibẹ̀. Dígí kámẹ́rà tí wọ́n fi ń ya fọ́tò kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ooru kọjá. Germanium ni wọ́n sábà máa ń lò dípò ẹ̀, ohun ọ̀wọ́n sì ni. Ṣáínà ló ń pèsè èyí tó pọ̀ jù láyé, láti oṣù kẹjọ, ọdún 2023, ni ìjọba ibẹ̀ sì ti ní kẹ́nikẹ́ni má kó o jáde láìgba ìwé àṣẹ.

Ohun tó mú àwọn onímọ̀ yíjú sí silicon tí wọ́n fi ń ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà nìyẹn, torí ìyẹn kò wọ́n. Wọ́n á gbẹ́ àìmọye òpó tíntìntín sójú silicon pẹlẹbẹ. Òpó tó sanra máa ń dá ìmọ́lẹ̀ dúró díẹ̀ ju èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ lọ. Kọ̀ǹpútà ló ń ṣírò ibi tí kálukú máa wà, kí gbogbo ìmọ́lẹ̀ tó bá kọjá lè pàdé lójú kan. Bí dígí pẹlẹbẹ ṣe ń ṣiṣẹ́ dígí tó yọkùn nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ ooru kì í ṣe oríṣi kan. Òpó tó bá tọ́ ọ̀kan sọ́nà lè ṣi èkejì lọ́nà, àwòrán á wá ṣe bàìbàì. Lọ́dún 2024 yẹn náà, Arka Majumdar àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní Yunifásítì Washington, l'Amẹ́ríkà, gbé iṣẹ́ jáde lórí bí kọ̀ǹpútà ṣe bá wọn wá bátànì òpó tó dín bàìbàì náà kù.

Kì í ṣe idán o. Kámẹ́rà yìí kì í rí ẹni tí ewé bò mọ́lẹ̀, tí oòrùn bá sì ti mú ilẹ̀ gbóná bí ara èèyàn, ojú ẹ̀ á dàrú. Bẹ́ẹ̀, láti Ìkẹ́rẹ́ dé igbó ọba Ìsẹ̀, ewé kò wọ́n. Àwọn ọdẹ àti Àmọ̀tẹ́kùn tó mọ igbó ṣì ni igi lẹ́yìn ọgbà. Ṣùgbọ́n bí owó ìjọba ìbílẹ̀ bá lè ká irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀, wọn kò ní máa táràrà lóru mọ́. Nígbà tí ọmọ bá wà lọ́wọ́ ajínigbé, wákàtí kan kì í ṣe kékeré.