Nígbà tí sẹ́níọ̀ bá ní kí o kúnlẹ̀

Bí ọmọ bá ń lọ gbé inú ilé-ẹ̀kọ́ ní Kumasi, ní Gánà, ìyá rẹ̀ á di chop box fún un: àpótí onípákó alágàdágodo, tí gààrí, ata ṣítò àti mílíìkì kún inú rẹ̀. Lálẹ́, sẹ́níọ̀ lè wá dúró lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, kó ní kí ọmọ náà ṣí àpótí náà. Bí ó bá kọ̀, ìkúnlẹ̀ ló kàn. "Homoing" ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Gánà ń pe irú ìyà yìí. Àwọn aláṣẹ ẹ̀kọ́ fòfin dè é, ṣùgbọ́n láti 2017 tí ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì àgbà ti di ọ̀fẹ́, èrò pọ̀ sí i; ojú olùkọ́ kò lè tó gbogbo yàrá.

Ohun tó ń dùn mí jù ni ìdáhùn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì bí a bá bi í pé kí ló dé tó fi ń ṣe é: "Wọ́n ṣe é fún èmi náà." Kò sọ pé ó dára. Kò tilẹ̀ rò ó.

Jean Piaget, onímọ̀ ará Switzerland, fẹ́ mọ bí ọmọ ṣe ń ronú nípa òfin. Ó jókòó ti àwọn ọmọ tó ń fi gíláàsì róbótó ṣeré, ó bi wọ́n pé ta ló ṣòfin eré náà. Àwọn kéékèèké ní àgbà ni, kò ṣeé yí. Àwọn tó ti tó bí ọdún 10 ní bí gbogbo wọn bá fẹnu kò, ó ṣeé yí. Nínú ìwé tó tẹ̀ ní 1932, ó ní àárín ẹgbẹ́ tí kò ju ara wọn lọ ni ọmọ ti ń fi ọkàn ara rẹ̀ mọ ẹ̀tọ́. Ní yàrá ìsùn, ẹni tó fi ọdún kan péré ju ọmọ lọ ló gbé agbádá àgbà wọ̀. Àwa Yorùbá náà ń kọ́ ọmọ pé kó má dá àgbà lóhùn, bẹ́ẹ̀ ẹnu wa la fi ń sọ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Àwọn olùwádìí fi kámẹ́rà ṣọ́ pápá ilé-ẹ̀kọ́ ní Toronto, láti rí ohun tí àwọn ọmọ yòókù ń ṣe nígbà tí ọmọ kan bá ń fìyà jẹ èkejì. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2001. Nígbà tí ọmọ mìíràn bá dá sí i, ó lé ní ìdajì ìgbà náà tí ìyà náà dáwọ́ dúró láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 10. Ṣùgbọ́n ìgbà 19 péré nínú 100 ni ọmọ mìíràn dá sí i.

Bí olùkọ́ bá na sẹ́níọ̀ náà lẹ́gba, yàrá á tún kọ́ pé alágbára ló ni òfin. Ẹ jẹ́ kí olùkọ́ kó gbogbo wọn jọ, kí wọ́n fẹnu ara wọn pinnu bí a ṣe ń gba ọmọ tuntun. Ọmọ tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì, tó lajú sílẹ̀ nínú òkùnkùn, á wá rí ohun tí yóò fẹsẹ̀ lé láti sọ pé: "Sẹ́níọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀."