Ṣé O Mọ̀ Pé Oúnjẹ Ló Dá Ogun Dúró ní Samáríà?

Ó wà nínú Ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí 6. Inú ń bí ọba Síríà, nítorí gbogbo ibi tó bá lúgọ sí ni wòlíì Èlíṣà ń tú fó fún ọba Ísírẹ́lì. Ló bá kó ẹṣin àti kẹ̀kẹ́ ogun ránṣẹ́ lóru, wọ́n yí ìlú Dótánì ká. Èlíṣà gbàdúrà, ojú àwọn ọmọ ogun náà fọ́, ó sì kó wọn wọ Samáríà. Ìgbà tí ojú wọn là, àárín ọ̀tá ni wọ́n bá ara wọn. Ara ọba Ísírẹ́lì ò gbà á mọ́: ẹ̀ẹ̀mejì léraléra ló bi wòlíì, tó ń pè é ní bàbá, bóyá kí òun pa wọ́n. Èlíṣà ní rárá, kó gbé oúnjẹ àti omi síwájú wọn. Ọba se àsè ńlá, wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n sì gba ilé lọ. Àwọn akónilẹ́rú Síríà kò sì wá sí ilẹ̀ Ísírẹ́lì mọ́. Bíbélì kò tàn wá o: ẹsẹ tó tẹ̀ lé e gan-an ló sọ pé nígbà tó yá, Bẹni-Hádádì kó gbogbo ogun rẹ̀ wá dó ti Samáríà. Síbẹ̀, àwọn ọmọ ogun ọjọ́ yẹn padà sọ́dọ̀ ìyá wọn láàyè.

Obìnrin kan ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú. Nábálì, ọlọ́rọ̀ tó ní 3,000 àgùntàn àti 1,000 ewúrẹ́, bú àwọn oníṣẹ́ Dáfídì. Dáfídì sán idà, ó kó 400 ọkùnrin lẹ́yìn, ó búra pé ilẹ̀ kò ní í mọ́ bá ọkùnrin kankan nílé náà. Ábígẹ́lì ìyàwó Nábálì gbọ́. Kò sọ fún ọkọ rẹ̀. Ó di 200 ìṣù búrẹ́dì, ìgò awọ wáìnì méjì, àgùntàn márùn-ún tí wọ́n ti sè, ọkà yíyan, èso àjàrà gbígbẹ àti 200 àkàrà ọ̀pọ̀tọ́ ru kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ó lọ pàdé ogun lójú ọ̀nà, ó dojú bolẹ̀, ó ní kí ẹ̀bi náà wà lórí òun. Dáfídì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé kò jẹ́ kí òun ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀.

Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ tó ta sílẹ̀ nínú àwọn ogun mìíràn ló padà dí i lọ́nà. Ṣé o mọ̀ pé nítorí ogun tó jà ni Ọlọ́run kò fi jẹ́ kó kọ́ tẹ́ḿpìlì? Kíróníkà Kìíní, orí 22, sọ ọ́ kedere.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn wòlíì kò sọ ohun kan náà? Àìsáyà àti Míkà ní wọn yóò fi idà rọ ohun ìtúlẹ̀. Jóẹ́lì ní kí wọ́n fi ohun ìtúlẹ̀ rọ idà. Ọ̀rọ̀ ti Àìsáyà ló borí: ère ọkùnrin tó ń fi òòlù lu idà wà nínú ọgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní New York. Ìjọba Soviet, tí kò gba Ọlọ́run gbọ́, ló fi ta àjọ náà lọ́rẹ ní 1959.

Ìwé Ìhìnrere mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ròyìn pé wọ́n gé etí ìránṣẹ́ olórí àlùfáà lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n mú Jésù. Jòhánù nìkan ló dárúkọ: Pétérù ló gé e, Málíkúsì ló ni etí. Lúùkù nìkan ló sì sọ pé Jésù wo etí náà sàn. Nínú orí yẹn kan náà, Lúùkù 22, ni Jésù ti ní kí ẹni tí kò ní idà ta aṣọ rẹ̀ kó rà á. Àwọn Kristẹni ṣì ń jiyàn lórí ẹsẹ 36 yìí. Èmi gbà pé ẹni tó bá dúró níbẹ̀, tí kò kà á dé ẹsẹ 51, kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ Jésù tán. Ìwòsàn tó ṣe kẹ́yìn kí wọ́n tó kàn án mọ́ àgbélébùú, ara ẹni tó wá mú un ló ti ṣe é.

Ìjiyàn náà pẹ́ ní Áfíríkà. Ní ọdún 295, ní Tebessa, nílẹ̀ Algeria òde òní, wọ́n mú Maximilian, ọmọ ọdún 21, wá láti wọṣẹ́ ológun Róòmù. Ó ní Kristẹni lòun, òun ò ní í ṣe é. Wọ́n bẹ́ ẹ lórí. Ní 354, wọ́n bí Augustine ní agbègbè yẹn kan náà. Òun ló kọ́ ìjọ pé ogun lè tọ́ nígbà mìíràn, bí aláṣẹ tó yẹ bá pè é, tó sì jẹ́ pé àlàáfíà ni wọ́n ń wá. Àwọn Quaker àti Mennonite dúró síbi tí Maximilian dúró sí. Ọ̀pọ̀ ìjọ yòókù ń tẹ̀ lé Augustine.

Nílé wa ńkọ́? Àjàyí Crowther, tó ṣáájú iṣẹ́ Bíbélì Yorùbá tó jáde lódindi ní 1884, ogun ló kó o ní Ọ̀ṣoògùn ní 1821. Nígbà tí Bíbélì náà jáde, Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀ ṣì wà lójú ogun Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877. Ní 1886, ìjọba Èkó rán àlùfáà méjì, Samuel Johnson àti Charles Phillips, sí wọn. Wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀ láàárín àgọ́ méjèèjì títí àwọn ọba àti balógun fi tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn. Johnson yìí náà ló kọ ìwé ìtàn Yorùbá tí gbogbo ayé mọ̀.

Èyí tó kù, Mátíù orí 5 ló wà. Jésù kò sọ pé bí ìwọ bá ń bínú sí arákùnrin rẹ. Ó ní bí o bá rántí níwájú pẹpẹ pé òun ló ní ohun kan nínú sí ọ, fi ọrẹ rẹ sílẹ̀ níbẹ̀, kí o kọ́kọ́ lọ bá a làjà. Gálílì ló ti ń sọ̀rọ̀; Jerúsálẹ́mù ni pẹpẹ wà, ìrìn ọjọ́ mélòó kan. Bí ẹnì kan bá ń bínú sí ìwọ lónìí, bóyá ojúlé kejì ló ń gbé, bóyá nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí fóònù rẹ. Jọ̀wọ́, wá a lọ kí ọjọ́ Ìsinmi tó dé.